Ọmọ Onígbàjámọ̀ Tí Ó Di Fèrèsé Lórí Rédíò

Onígbàjámọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọwọ́-ò-gbọ̀n. Kì í ṣe ọkùnrin tó yára. Ìgbín a máa rò ó wò kí ó tó bá a rìn. Ṣùgbọ́n bí abẹ rẹ̀ bá ti kan orí ènìyàn, bí àrá sán, bí ògiri wó, abẹ náà kò ní yẹ̀ kúrò lójú ìlà tó ń fà. Ìsọ̀ rẹ̀ kò tóbi. Àga ìfárí kan wà níbẹ̀, bẹ́ǹṣì gígùn kan fún àwọn tó ń dúró de orí wọn, dígí tó ti là ní igun, àti ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì kan lórí pẹpẹ. Òun nìkan ló láṣẹ láti fọwọ́ kan rédíò yìí. Oníbàárà tó bá fẹ́ kí ohùn rẹ̀ lọ sókè, bẹ̀bẹ̀ ni yóò bẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo ló sì fi sílẹ̀ fún un, obìnrin ni. Ìyá mi ni bàbá ń pe ọmọ náà. Nígbà tí ọmọ náà ní òun ń lọ sí ìlú òkèèrè láti kọ́ṣẹ́ orin, bàbá kò bínú, kò sì yọ̀. Ohun tó sọ kò ju pé, "Orin? Ṣé ènìyàn ń kọ́ orin ni?" Ọmọ náà lọ, ó kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n, bàbá kò sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ orin kan lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ó wá di ọjọ́ kan, fóònù dún.

"Bàbá, wọ́n ti fi mí sínú eré tuntun kan. Ópẹ́rà ni."

"Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Eré orí ìtàgé ni, ṣùgbọ́n orin la fi ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Rédíò máa gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́sàn-án Sátidé. Bàbá, mi ò tọrọ nǹkan míì lọ́wọ́ yín. Ẹ sá ti gbọ́ mi. Tá a bá ṣe tán, màá pè yín, kẹ́ ẹ sọ bó ṣe rí fún mi. Ẹ má tàn mí o."

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí orí tí Ọwọ́-ò-gbọ̀n fá tí kò rọ ìròyìn náà sí i létí. Ó sọ fún aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì. Ó sọ fún ẹni tí ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́. Ó wọ ilé kejì, ó lọ pariwo rẹ̀ sí Ìyá Onílé létí, nítorí pé etí màmá náà ti wúwo. Ó ní ẹni tí kò bá tan rédíò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó wá ibòmíràn fárí.

Nígbà tí Sátidé pé, ẹsẹ̀ kò gbèrò ní ìsọ̀. Tíṣà ló wà lórí àga, aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀. Lórí bẹ́ǹṣì ni Oníná wà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún iná ilé ṣe, tí inagijẹ rẹ̀ sì ń jẹ́ Ẹ-jẹ́-n-wò-ó, nítorí pé kò sí ohun tó ní ìdérí tí kò lè ṣí.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ìró kan dún bí ìgbà tí a bá ń wọ́ àga lórí sìmẹ́ńtì. Òmíràn tẹ̀lé e bí abọ́ irin tí ń yí lọ nílẹ̀. Ọkùnrin kan wúkọ́, ó sì fa ikọ́ náà gùn.

"Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀," ni Oníná wí. "Wọ́n ṣì ń to àga."

"Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀," ni Tíṣà dáhùn lábẹ́ abẹ. "Orin ìgbàlódé nìyẹn."

"Tíṣà, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ kí wọ́n fá yín lórí."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wá là á yé wọn. Baálé kan ló jáde nílé tí kò padà, àwọn ohun inú ilé rẹ̀ sì ń wá a: Ìlẹ̀kùn ń wá a, Àga ń wá a, Fèrèsé ń wá a. Ó dárúkọ àwọn akọrin lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe pe ọmọ onígbàjámọ̀ mọ́ Fèrèsé, ìsọ̀ dàrú.

"Fèrèsé kẹ̀! Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn?"

"Ta ni Ìlẹ̀kùn?"

"Ọkùnrin tó ń wúkọ́ yẹn ni."

"Òun ni wọ́n ṣe dáadáa fún. Ènìyàn ṣáà ń kan ìlẹ̀kùn kó tó wọlé. Ta ní ń bọ̀wọ̀ fún fèrèsé?"

"Ẹ sun yàrá tí kò ní fèrèsé nígbà ooru," ni Ọwọ́-ò-gbọ̀n fèsì, "kí ẹ padà wá bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Fèrèsé tèmi ni mo fẹ́ gbọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nínú ariwo yẹn gan-an ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń fi sùúrù kìlọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ gígùn kan ń bẹ láàárín eré náà, pé ẹni tó kọ eré ló dìídì fi í síbẹ̀, àti pé kí olùgbọ́ kankan má fọwọ́ kan rédíò rẹ̀. Kò sí etí kan ní àdúgbò náà tó gbọ́ ọ.

Ìlẹ̀kùn han títí. Àga kérora. Ẹnìkan lórí bẹ́ǹṣì ní ó yẹ kí wọ́n ta òróró sí wọn lára. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́.

"Ó ti kú," ni Oníná wí, bí ẹni tó ti ń retí òkú náà láti àárọ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ n wò ó."

Ọwọ́-ò-gbọ̀n wo rédíò, ó rántí pé Fèrèsé kò tíì kọrin. "Wò ó," ló wí, "ṣùgbọ́n yára."

Kí a tó ṣẹ́jú, Oníná ti da rédíò dojú bolẹ̀, ó ti yọ bátìrì, ó ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ti fa wáyà kan jáde tó ní kò níṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tó dá a padà, rédíò kò sọ pé pìn. Ìgbà yìí ló wá kú ní tòótọ́.

Bàbá jáde tòun ti abẹ lọ́wọ́.

"Bàbá! Orí mi ńkọ́?" ni Tíṣà ké, ẹ̀gbẹ́ kan ń dán, ẹ̀gbẹ́ kejì dúdú.

"Kò ní sá lọ."

Ní òdìkejì títì, aránṣọ gbé rédíò rẹ̀ sórí itan, ó ń gbá a lẹ́yìn bí ọmọ tí oúnjẹ há lọ́fun. Ẹni tí ń lẹ táyà ti ri tirẹ̀ bọ inú ọpọ́n omi, ó ń wò ó bóyá yóò rí ibi tí atẹ́gùn ti ń yọ. Gbogbo àdúgbò ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún rédíò. Nígbà náà ni ohùn kan bẹ̀rẹ̀ láti ilé Ìyá Onílé, tí etí rẹ̀ kò jẹ́ kó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni dákẹ́:

"Ẹnìkan ń bọ̀... ẹnìkan ń bọ̀ lọ́nà..."

Ohùn tí ọmọ náà fi ń pe bàbá wá jẹun nígbà tó wà ní kékeré ni. Ọwọ́-ò-gbọ̀n, tí kò sáré rí, sáré.

Ìyá Onílé ti fi etí lé rédíò. "Ẹnìkan ń bọ̀," ni Fèrèsé ń kọ, "mo rí ohun tó ń dán lọ́wọ́ rẹ̀..." Màmá gbójú sókè. Ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti abẹ.

"Ẹ gbà mí o!"

"Màmá, èmi ni!"

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni! Rédíò ti sọ fún mi!"

"Ọmọ mi ló ń kọrin, Màmá!"

"Ọmọ rẹ ló tú ọ fó! Ju ọ̀bẹ sílẹ̀!"

Ó ju abẹ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì fi etí ti etí màmá. Orin náà ń tín-ín-rín lọ bí òwú.

"Ta ló ń bọ̀ gan-an?" ni màmá béèrè.

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé ó ti dé?"

"Mi ò mọ̀, Màmá."

"Kí wá nìwọ mọ̀?"

"Ohùn rẹ̀ ni mo mọ̀."

Nígbà tó padà sí ìsọ̀, fóònù ti ń dún. Gbogbo wọn yí i ká.

"Ẹ sọ pé ó dùn bí oyin!" ni Oníná ń sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ ọ, Ìyá mi. N kò gbọ́ ọ tán. Nígbà tí ẹ dákẹ́, a rò pé rédíò ti bàjẹ́, a sì tú u."

"Ẹ tú u kẹ̀? Wọ́n mà sọ pé a máa dákẹ́!"

"A ń pariwo nígbà tí wọ́n sọ ọ́."

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. "Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó dùn?"

Oníná ń mi orí sókè sódò. Bàbá kẹ̀yìn sí i.

"N kò lè sọ pé ó dùn. Kò yé mi. N kò mọ ẹni tó ń bọ̀, n kò sì mọ̀ bóyá ó dé. Ṣùgbọ́n mo fi orí Tíṣà sílẹ̀ láàbọ̀, mo sáré bọ́ sí títì láti wá ọ. Láti ọjọ́ tí mo ti ń fárí, n kò fi orí ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí."

"Ó ti bà á jẹ́," ni Oníná wí, ó sì fọwọ́ bojú.

Ọmọ náà dáhùn pé, "A máa tún un ṣe ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ wá, Bàbá."

"Bí mo bá wá, ta ni yóò sọ fún mi pé ẹ kàn dákẹ́ ni, pé ẹ kò tíì ṣe tán?"

"Ojú yín ni màá máa wò. Tí mo bá ṣì ń wò yín, a ò tíì ṣe tán."

"Nígbà náà, iwájú pátápátá ni kí o fi mí sí," ni bàbá wí. "Ojú mi kò ríran jìnnà mọ́."