Bàbà Tí Òṣùwọ̀n Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Sun

Kò sí irin tí Òṣùwọ̀n gbé rí tí kò mọ bó ṣe wúwo tó. Á gbé ẹ́ńjìnnì tó ti kú sókè díẹ̀, á dijú, á sọ ìwọ̀n rẹ̀, ojúlówó òṣùwọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì máa tijú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, tí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fi di ohun tí ìyàwó rẹ̀ nìkan ń rántí, òun náà bí inú bá ń bí i ni.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì ni ọgbà rẹ̀ wà: ilẹ̀ tí epo ti sọ di dúdú, òkìtì páànù tó ti dípẹtà, àti ìwé àṣẹ tuntun tó kàn mọ́ ògiri bí àwòrán ìgbéyàwó. Olè ti pọ̀ jù nílùú. Wọ́n ń yọ ìdérí kòtò ojú títì, wọ́n ń gé waya iná. Ìjọba wá ní ẹnikẹ́ni tó bá ń ra àlòkù irin gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kó má rà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀. Èyí tó le jù ni pé waya tí wọ́n ti sun èèpo rẹ̀ kò gbọdọ̀ sí nínú ọgbà ẹnikẹ́ni, nítorí ara èèpo ni àmì ẹni tó ni ín wà, olè ló sì máa ń sun ún. Ọjọ́ tí wọ́n ka òfin yìí fún àwọn oníṣòwò irin, gbogbo wọn ń mi orí. Òṣùwọ̀n mi tirẹ̀ débi pé fìlà rẹ̀ fò lọ bá ẹni tó jókòó níwájú.

Ṣùgbọ́n etí ló gbọ́ òfin. Ọwọ́ kò sí níbẹ̀. Lójú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, waya tó ṣì ní èèpo dà bí ẹran tí wọn kò tíì bó, kò tíì di ọjà. Ní ọjọ́ Sátidé, Òṣùwọ̀n ra ìdì waya kan lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìlagi, ibi tí wọ́n ti ń la pákó, tó ti kógbá wọlé. Ọjà tó mọ́ ni, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló bá a kó o sínú ọmọlanke. Bí Òṣùwọ̀n ṣe dé ọgbà, ọwọ́ ti ṣáná sí i kí orí tó rántí. Èéfín náà dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ tó ń kọjá lókè ń wúkọ́. Nígbà tí iná kú, bàbà pupa ló kù nílẹ̀, ó ń dán, kò sí àmì ilé ìlagi kankan lára rẹ̀ mọ́. Òṣùwọ̀n rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dà á sínú báàfù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ó ń fọ ẹnu lójúde nígbà tí onítáyà, ẹni tó ń lẹ táyà létí ọ̀nà, sáré dé.

"Bàbá, ẹ gbọ́? Wọ́n ti gé waya ẹ̀rọ omi ọsibítù! Ìyàwó mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ò rómi wẹ̀!"

"Háà! Ta ló gé e?"

"Ẹni tó rà á là ń wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń wọ ọgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí a bá bá waya sísun lọ́wọ́ rẹ̀, àwa ò ní jẹ́ kó dé àgọ́ ọlọ́pàá."

Òṣùwọ̀n fẹ́ tu omi ẹnu rẹ̀ dànù, ó gbé e mì.

Ó wọlé lọ bá ìyàwó rẹ̀, ó rọra sọ ọ́ fún un. "Mo fẹ́ lọ rì í mọ́lẹ̀."

"Ta ló kú tí ẹ fẹ́ sin nǹkan? Bàbá àwọn ọmọ, ẹni tó fowó ra nǹkan kì í gbẹ́lẹ̀ fún un. Ẹ pe ọ̀gá ilé ìlagi."

Ó pè é. Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ìbẹ̀rù kò jẹ́ kó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ó ki ṣọ́bìrì mọ́lẹ̀, ó di ọgbà.

Ilẹ̀ ibẹ̀ le, wẹ́wẹ́ irin ló kún inú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ṣọ́bìrì bá kàn wọ́n, wọ́n ń dún kàn-án kàn-án bí ẹni ń kéde rẹ̀ fáráyé. Kòtò náà kò tíì gba àwo ọbẹ̀ tó fi gbọ́ ariwo lẹ́nu géètì. Ó fa ọ̀rá ńlá kan bo báàfù, ó jókòó lé e bí adìyẹ tó ń sàba.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ aṣọ ìjọba ló ṣáájú, ọkùnrin méjì tẹ̀ lé e. Ohùn rẹ̀ tutù. Ìtutù yẹn gan-an ló ba Òṣùwọ̀n lẹ́rù jù. Ẹ̀yìn wọn ni èrò wà, onítáyà sì wà láàárín wọn pẹ̀lú irin tó fi ń tú táyà.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, ọmọ mi."

"Ṣé ẹsẹ̀ náà ló ń gbẹ́lẹ̀ láàárọ̀ yìí?" ni ẹnì kan wí nínú èrò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ládùn.

Ọ̀dọ́bìnrin náà wo kòtò, ó wo eérú dúdú tó wà nílẹ̀. Òṣùwọ̀n rí i tí ọwọ́ onítáyà ń le mọ́ irin náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó rí irin tí kò fẹ́ mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bí wọ́n bá fi tipátipá gbé e kúrò lórí báàfù yìí, ó ti di olè nìyẹn.

Ó dìde fúnra rẹ̀, ó ká ọ̀rá kúrò. "Èmi ni mo sun ún! Ilé ìlagi ni mo ti rà á. Ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi ń gbẹ́lẹ̀."

"Olè rèé!"

Òkúta ba páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà bọ́ síwájú rẹ̀. "Ẹni tó bá tún ju nǹkan, èmi ló máa kọ́kọ́ bà!" Àwọn ọkùnrin méjì náà fa Òṣùwọ̀n wọnú ọkọ̀ ìjọba. Ìyàwó rẹ̀, tó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn géètì, gùn ún tẹ̀ lé e.

"Ìyá, a ò pè yín o."

"Bó bá jẹ́ olè, olè tèmi ni. Ẹ wakọ̀."

Orí bẹ́ǹṣì ní ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n jókòó sí títí di ọ̀sán. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Òṣùwọ̀n ń na ọrùn wò. Nígbẹ̀yìn ni ọ̀gá ilé ìlagi tí wọ́n ránṣẹ́ sí dé, ó mú waya tó kù lára ẹ̀rọ rẹ̀ wá. Wọ́n fi wé ti inú báàfù: bó ṣe nípọn, bó ṣe lọ́, ó bára mu. Wọ́n tún fi wé ti ẹ̀rọ omi ọsibítù. Kò jọ ọ́ rárá.

"Bàbá, ẹ kì í ṣe olè," ni ọ̀dọ́bìnrin náà wí. "Ṣùgbọ́n ẹ sun waya. Bí ẹ̀yin tẹ́ ẹ rà á bá ń sun tiyín, báwo la ṣe fẹ́ dá ti olè mọ̀? A máa gba ìwé àṣẹ yín. Ọgbà yín máa wà ní títì títí òjò ọdún yìí á fi dá."

"Ẹ ṣé, ọmọ mi. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ ṣeun o."

Ìyàwó rẹ̀ fà á láṣọ. "Ó tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má bàa rò pé a tún jí nǹkan mìíràn."

Ìròyìn pé kì í ṣe olè kò tíì dé àdúgbò. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Òṣùwọ̀n rí àwọn èèyàn tó kóra jọ sí etí ọ̀nà níwájú ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà. Ó di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n yà gba ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn délé.