Iná Ẹja Tí Ìyá Mi Pa Lọ́sàn-án

Bí omi bá dà sórí ẹyin iná, òórùn eérú tútù a gbé mi padà sí ilé wa orí òpó, létí omi Ìlàjẹ.

Lọ́sàn-án yẹn, mo gbé síléètì lé ẹsẹ̀, mò ń há Gẹ̀ẹ́sì tí tíṣà kọ́ wa sórí: ọkọ̀ tí a kò mọ̀ ni “a canoe”, èyí tí a ti mọ̀ ni “the canoe”. Ìyá mi ti dáná sábẹ́ àjà tí a ń yan ẹja lé, nítorí obìnrin wa kì í dúró kí ọkọ rẹ̀ ti òkun dé kó tó dáná.

“Yèyé, the canoe ti dé!” ni mo kígbe.

Ọkọ̀ bàbá mi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àbúrò wọn ló so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ tirẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan nínú ti bàbá mi.

“Ìyàwó wa,” ni àbúrò bàbá mi wí, “a wá wọn títí.”

Ìyá mi bu omi da iná náà. Mo rò pé kí èéfín má baà ta mí lójú ni.

“Ẹ ṣé o, Yèyé.”

Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé obìnrin tí omi gba ọkọ rẹ̀ ló ń pa iná ẹja lójú ọ̀sán.

“Máa kàwé ẹ lọ,” ni ìyá mi dá mi lóhùn.

Mo sì gbé ohùn sókè, kí bàbá mi lè máa gbọ́ ọ bọ̀ lọ́nà.