Àmì Tí Kámẹ́rà Tuntun Fi Sí Ọ̀rẹ́ Mi Níwájú Orí

Kámẹ́rà méjì ló wà lórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣakí, mo sì máa ń fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn, bí ẹni méjì tó ń ṣẹjọ́ ilẹ̀ tí wọ́n wá pàdé ní mọ́ṣáláṣí. Àgbà inú wọn ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó wúwo, rọ́bà ara rẹ̀ ti ń ṣí, gọ́ọ̀mù ni mo fi ń lẹ̀ ẹ́. Dígí kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń fò sókè tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, á sì dún, "kàṣá", tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó mi tó ń ránṣọ ní yàrá ẹ̀yìn fi máa ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ wà lọ́jọ́ kan tàbí eṣinṣin ni mò ń lé.

Tuntun kò ní dígí. Ibẹ̀ gan-an ni ìfura mi ti bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá fi ojú sí ihò àgbà, ènìyàn gidi ni mò ń rí: ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ ló wọlé, tó kan dígí, tó bọ́ sí mi lójú. Tí mo bá fi ojú sí ihò tuntun, tẹlifíṣọ̀n kékeré kan ni mò ń wò. Kámẹ́rà ló ti kọ́kọ́ rí ẹni náà, òun ló wá ń ròyìn rẹ̀ fún mi. Ènìyàn jókòó síwájú mi, mo lè na ọwọ́ kàn án, síbẹ̀ ògbufọ̀ kan wà láàárín wa. Mi ò fẹ́ràn ògbufọ̀ tí mi ò gbọ́ èdè rẹ̀.

Ó tún máa ń fi àpótí aláwọ̀ ewé kékeré kan lé ojú ènìyàn kiri. Tí oníbàárà bá yí orí, àpótí náà á bá a yí, bí ẹni tó ń wá ẹni tó jẹ ẹ́ nígbèsè. Kì í sì í dún. Mo lè ní kó dún o, ṣùgbọ́n ìró àfiṣe ni, bí ìgbà tí ènìyàn ń wúkọ́ kí wọ́n lè mọ̀ pé òun wà nílé.

"Ẹ̀yin lẹ rà á, ẹ̀yin náà lẹ tún ń ṣọ́ ọ bí olè," ni ìyàwó mi wí.

Mo ní, "Ohun tó bá ń ṣiṣẹ́ láìdún, ó yẹ ká máa ṣọ́ ọ."

Ó ní kí n lọ ra agogo so mọ́ ọn lọ́rùn.

Àwọn ọmọge ló jẹ́ kí n rà á. Kí wọ́n tó wo fọ́tò, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Kí n má sì parọ́ mọ́ ọn, ó ń ríran nínú òkùnkùn ju àgbà lọ, kì í sì í sọ aláwọ̀ dúdú di èédú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ó mọ iṣẹ́ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló kọ́kọ́ kó sí i lọ́wọ́. Ajílẹ̀ àti oògùn koríko ló ń tà, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mélòó kan. Ó wá rí olùkọ́ kan ní Tẹ̀dé, opó ni òun náà, tó máa ń wá ra oògùn fún oko àgbàdo rẹ̀. Oògùn tí obìnrin yìí rà lọ́dún yẹn tó láti pa koríko gbogbo Òkè-Ògùn, nítorí náà mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi. Àwọn méjèèjì ti gbọ́ra wọn yé. Ẹni tó kù ni bàbá obìnrin náà, Àlùfáà àgbà kan ní Ìgbẹ́tì tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Àlùfáà ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi fọ́tò ọkùnrin náà ránṣẹ́, kí òun tó mọ̀ bóyá òun máa gba ẹbí rẹ̀ lálejò.

Ọ̀rẹ́ mi dé pẹ̀lú agbádá funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

"Tuntun yẹn ni kó o fi yà mí."

"Àgbà yìí ló mọ̀ ẹ́. Òun náà ló ya fọ́tò káàdì ẹgbẹ́ yín."

"Ìdí nìyẹn. Nínú fọ́tò yẹn, mo dà bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá. Ìyàwó ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ kí wọ́n mú mi."

"Jókòó dáadáa. Má fẹ imú."

"Imú mi nìyẹn."

Mo yà á. Ká ní àgbà ni, màá yọ káàdì tí fọ́tò wà nínú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, màá yẹ ojú oníbàárà wò dáadáa kó tó jáde nílé. Tuntun kò ní sùúrù yẹn, ó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Kí n tó pa iná, fọ́tò ti bọ́ sórí fóònù ọ̀rẹ́ mi, ó ti gba wásáàpù dé Tẹ̀dé, láti ibẹ̀ ó ti dé Ìgbẹ́tì. Lórí fóònù rẹ̀ tí gíláàsì rẹ̀ ti sán, ó dára lójú wa.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wọlé tọ̀ mí wá, kò kí mi.

"Kí lo fi sí mi níwájú orí?"

"Ẹ káàsán náà."

"Má bá mi ṣeré. Àlùfáà ti gbà. Ó ní òun rí àmì ìforíkanlẹ̀ lórí mi, pé ẹni tó bá ń pẹ́ lórí ẹní ìrun bẹ́ẹ̀ yẹn kò ní fìyà jẹ ọmọ òun."

Mo wo iwájú orí rẹ̀. Ó ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ń kírun, mi ò ní bà á lórúkọ jẹ́, ṣùgbọ́n kí ìmáàmù tó sálámà tán ló ti ń fojú wá bàtà rẹ̀. Ó ń fura sí mi, kò sì jẹ̀bi púpọ̀, torí mo ti gbé orí rẹ̀ lé ọrùn agbábọ́ọ̀lù kan rí lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo àdúgbò ló sì rí i. Èmi náà ń fura sí i. Mo rò pé ó ti fi tìróò tọ́ iwájú orí kó tó wá jókòó síwájú mi, tó wá ń díbọ́n. Mo fi àtàǹpàkò ra á níwájú orí. Kò sí nǹkan kan.

A ṣí fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà. Àmì wà níbẹ̀ lóòótọ́, dúdú, róbótó, ní àárín gbùngbùn iwájú orí, bí ẹni pé láti kékeré ló ti ń forí kanlẹ̀. Mo ṣí fọ́tò ẹni tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọbìnrin kan tó fẹ́ lo tirẹ̀ fún ìdánwò. Òun náà ní àmì. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀gúsí, àmì. Mo wá ṣí ti alàgbà ìjọ kan, ẹni tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Tirẹ̀ ló tiẹ̀ dúdú jù.

Ọ̀rẹ́ mi wò ó títí. Ó ní, "Ṣé alàgbà mọ̀?"

Ìgbà yẹn ló yé mi pé eruku ni. Gbogbo ẹni tó bá wá ya fọ́tò kékeré, ibì kan náà ni mo ń gbé orí wọn sí. Eruku ti wọnú kámẹ́rà, ó jókòó síbi tí àwòrán ń bọ́ sí, kò sì kúrò níbẹ̀. Nínú àgbà, dígí yẹn dúró bí aṣọ ẹnu ọ̀nà. Tí mo bá yọ ojú kámẹ́rà láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, aṣọ ṣì bo yàrá. Tuntun kò ní aṣọ ẹnu ọ̀nà. Tí mo bá yọ ojú rẹ̀, ìhòòhò ló ń wo ayé. Mo sì ti yọ ọ́ ní gbangba ìta nínú ọyẹ́, létí títì tí àwọn ọkọ̀ tó ń kó òkúta mábù bọ̀ láti Ìgbẹ́tì ń gbà. Bóyá ọmọ Ìgbẹ́tì tiẹ̀ ni eruku náà.

Mo ní kó pe obìnrin náà kó ṣàlàyé. Ó kọ̀.

"Tí mo bá ní kò sí àmì, wọ́n á ní kí ló dé tó fi wà tẹ́lẹ̀. Á dà bí ẹni pé mo dá ọgbọ́n sí i. Jẹ́ kí n kúkú wá tìróò."

Ìyàwó mi dáhùn láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, "Tí Àlùfáà bá ní ẹ wá ṣe àlùwàlá ńkọ́? Ṣé ẹ máa ní ẹ kì í fọ iwájú orí ni?"

Ọ̀rẹ́ mi jókòó.

A ò tíì mọ ohun tí a máa ṣe tí ọ̀rọ̀ fi yí padà. Mọ̀lẹ́bí Àlùfáà kan tó wá ra ajílẹ̀ ní Ṣakí padà lọ sọ fún un pé iwájú orí tí òun rí mọ́ tónítóní. Àlùfáà bá ránṣẹ́ pé kí ẹbí dúró ná. Kí ọkùnrin náà kọ́kọ́ wá, òun àti ẹni tó ya fọ́tò. Ó ní òun kò ní fi ọmọ fún ẹni tó ń fi ìrun ṣe ọ̀ṣọ́.

A gba Ìgbòho àti Kìṣí lọ. Mo gbé kámẹ́rà méjèèjì lé ẹsẹ̀, mo sì di tuntun sínú ọ̀rá nítorí eruku ọ̀nà. Eruku ti inú rẹ̀, mo fi sílẹ̀ kó lè wá jẹ́rìí. Ọ̀rẹ́ mi kàn ń fọwọ́ kan iwájú orí, bí ẹni tó ń retí kí nǹkan hù níbẹ̀ ká tó dé.

Àlùfáà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lórí awọ àgùntàn. Ọmọ rẹ̀ ti dé láti Tẹ̀dé, ó wà lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan là ń rí. A dọ̀bálẹ̀. Àlùfáà ní kí ọ̀rẹ́ mi sún mọ́ òun, ó fi ìka kan ti fìlà rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì wò ó dáadáa.

"Níbo ló wà?"

"Kò sí níbẹ̀ rí, Bàbá. Kámẹ́rà ni."

Ó yíjú sí mi. Mo ṣàlàyé eruku fún un, mo ṣàlàyé dígí, mo ṣàlàyé aṣọ ẹnu ọ̀nà.

"Eruku," ni Àlùfáà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kò bọ́ sí imú. Kò bọ́ sí etí. Iwájú orí ló mọ̀. Ọ̀dọ̀ ta ni eruku yẹn ti kọ́ kéú?"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu mi. Mo rí ojú ọ̀rẹ́ mi, mo gbé e mì.

Mo ní kí Àlùfáà jẹ́ kí n fi kámẹ́rà méjèèjì ya òun fúnra rẹ̀. Àlùfáà ní àmì tirẹ̀, èyí tó jẹ́ òótọ́, ó yẹ̀ díẹ̀ sí apá òsì. Mo gbé àgbà. Kàṣá. Mo gbé tuntun, mo yà á, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Yà á," ni Àlùfáà wí, kò mira.

"Mo ti yà á, Bàbá."

"Nígbà wo?"

"Báyìí náà. Kì í dún."

Ó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ọwọ́ ẹlòmíràn nínú àpò rẹ̀.

Mo fi ti àgbà hàn án: àmì kan. Mo fi ti tuntun hàn án, mo fẹ̀ ẹ́ sí i: àmì méjì, wọ́n jókòó ti ara wọn. Àlùfáà gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi. Ó fi ìka sí àmì tirẹ̀ gan-an.

"Èyí gbà mí ní gbogbo ayé mi." Ó sún ìka sí èkejì. "Èyí, o fún mi kí n tó ṣẹ́jú."

Ó dá kámẹ́rà padà, ó kọjú sí ọ̀rẹ́ mi. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ tí ẹ ní ká máa bọ̀, Bàbá."

"O sì dákẹ́."

"Mo dákẹ́. Mo tiẹ̀ fẹ́ fi tìróò kùn ún. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi yìí ló ní ẹ lè ní kí n ṣe àlùwàlá."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí tèmi, ǹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ewúrẹ́ kan ń jẹ èèpo iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbogbo wa ń gbọ́ ọ.

"Ìyàwó onífọ́tò ní ọpọlọ," ni Àlùfáà wí. Ó wá gbójú sí aṣọ ẹnu ọ̀nà. "Ìwọ ńkọ́? Ọkùnrin tí o ti ń ra oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ látọjọ́ yìí, ṣé o ò mọ bí orí rẹ̀ ṣe rí ni?"

Ẹsẹ̀ abẹ́ aṣọ sún sẹ́yìn díẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Nígbà tí ẹ pè mí, ẹ ti ń yìn ín. Ẹ kì í sábà yin ènìyàn. Mi ò fẹ́ gé yín lẹ́nu."

Àlùfáà dìde, ó ní Aláásárì ti tó. A ṣe àlùwàlá, òun ló ṣáájú wa. Lọ́jọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi pẹ́ nínú ìforíkanlẹ̀ débi pé gbogbo wa ti dìde kó tó rántí pé a wà láyé. Nígbà tí a sálámà tán, Àlùfáà ò wẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹni tí mo bá ṣáájú, kó máa bá mi dìde. Kí ẹnikẹ́ni má fi orí lọ ilẹ̀ nítorí mi."

Bí a ṣe ń wọ bàtà, ó fà mí sápá kan. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó bi í nípa tìróò, òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́." Ó wá ní kí àwọn ẹbí ọ̀rẹ́ mi máa bọ̀. Ṣùgbọ́n níbi yìgì, kámẹ́rà tó ń dún ni òun fẹ́ rí.

Nítorí náà, àgbà ni mo gbé dání lọ́jọ́ yìgì. Wáàsí bẹ̀rẹ̀. Kàṣá. Àlùfáà dúró díẹ̀, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Kàṣá. Ó tún dúró. Ó wá kan ibi tó ń gba ọ̀rẹ́ mi níyànjú pé kó máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá aya rẹ̀ lò, àgbà mi pariwo léraléra sí i lẹ́nu. Àlùfáà fi orí pè mí.

"Èyí tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn, ṣé o mú un wá?"

"Ó wà nínú báàgì, Bàbá."

"Ṣé o ti yọ eruku rẹ̀?"

"Mo ti yọ ọ́."

"Kọ́kọ́ fi ya ògiri yẹn."

Mo ya ògiri funfun ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi hàn án. Ó ní kí n fẹ̀ ẹ́ sí i, ó ń wò ó láti igun dé igun, ọkọ àti ìyàwó ń wò wá. Ìka rẹ̀ dúró lórí ohun kékeré dúdú kan.

"Kí nìyí?"

Mo lọ síbi ògiri, mo tẹjú mọ́ ọn, èmi náà ò kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́ títí tó fi rìn.

"Èèrà ni, Bàbá."

"Lé e kúrò, kí o tún un yà."