Tẹ̀gbọ́n-Tàbúrò Nínú Ọkọ̀ Ọta

Ojo ni ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ yìí, kì í sì í fi bò. Mẹkáníìkì ni kí ogun tó dé. Àmọ́ ìjọba kì í béèrè ẹni tó láyà kí wọ́n tó kó èèyàn lọ sójú ogun. Wọ́n fi í sídìí ọkọ̀ tó ń gbé ọta lọ fáwọn tó wà níwájú, àbúrò rẹ̀ sì ni awakọ̀ kejì tó jókòó tì í.

Bẹ́ẹ̀, òfin wà pé ọmọ ìyá méjì kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ kan náà, kí ìyá kan má baà pàdánù ọmọ méjì lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ìyá tiwọn ti di Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà pé, "Má jẹ́ kójú ẹ kúrò lára àbúrò ẹ." Ni Jẹ́jẹ́ bá kọ orúkọ bàbá wọn sílẹ̀, àbúrò kọ ti bàbá àgbà, wọ́n ṣe bí ẹni tí kò mọra rí. Iṣẹ́ ńlá ni o! Bí àbúrò bá ti gbàgbé, tó sáré gba garawa lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níṣojú àwọn ọ̀gá, Jẹ́jẹ́ á tètè ṣẹ́jú sí i.

Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi kọ́ ọmọ náà níṣẹ́: bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, bí wọ́n ṣe ń yẹ kòtò láìtẹ búréèkì lójijì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, bọ́ǹbù já lu ọkọ̀ tó ṣáájú wọn. Àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá Jẹ́jẹ́ mumi ni. Jẹ́jẹ́ tẹ búréèkì lójijì, ọkọ̀ dúró.

"Bọ̀dá, ẹ máa wà á lọ o, ọ̀nà ti là," ni àbúrò wí, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ba Jẹ́jẹ́ lẹ́rù ju bọ́ǹbù lọ.

Bí wọ́n ṣe dé bùdó, ọ̀dọ̀ sájẹ́ǹtì tó ń darí wọn ni Jẹ́jẹ́ gbà lọ tààrà.

"Ọ̀gá, mo purọ́. Àbúrò mi ni. Ìyá kan náà ló bí wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ lójú ọ̀nà."

Sájẹ́ǹtì wò ó títí. "Ṣé ó mọ ọkọ̀ wà?"

Jẹ́jẹ́ rò pé wọ́n fẹ́ ṣe ọmọ náà lóore ni. "Ó mọ̀ ọ́n wà dáadáa, sà. Èmi ni mo kọ́ ọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì la ò ní lẹ́yìn. Ìwọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Òun á máa wa ọkọ̀ yẹn láti ọ̀la."

Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Sájẹ́ǹtì ní kó máa dúpẹ́ pé òun ò tì í mọ́lé.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, àbúrò fa ìjókòó awakọ̀ síwájú díẹ̀, torí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ò gùn tó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀dá, ta ló tú àṣírí wa?"

"Èmi ni."

Ọmọ náà wò ó. Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó ṣáná sọ́kọ̀, ó sì lọ.

Ṣọ́ọ̀bù jìnnà sójú ogun, bọ́ǹbù kan ò lè dé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti wá ba Jẹ́jẹ́ débi pé kò lè di sípánà mú mọ́.