Ìṣirò Ò Ní Sá Lọ

Alágbàfọ̀ ni ọkùnrin yìí, kì í sì í ṣe alágbàfọ̀ lásán. Àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń sọ pé bí ó bá lọ aṣọ tán, eṣinṣin tó bá bà lé e á yọ̀ ṣubú. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ilé tí òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ń gbé. Tábìlì gígùn kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú okùn tí wọ́n fi aṣọ kọ́ láti ògiri dé ògiri, àti ooru tó máa ń mú kí àlejò tètè sọ ohun tó bá wá sọ kó máa lọ. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Iṣẹ́ ọ̀sán ló sábà máa ń bọ́ sí i lọ́wọ́, kó sì tó wọlé lálẹ́, ọkọ àti ọmọ á ti jẹun tán.

Ìjì ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ náà. Láti kékeré, bí wọ́n bá rán an níṣẹ́, kí ẹni tó rán an tó pa ẹnu dé, ó ti lọ ó ti bọ̀. Ìgbà mìíràn á padà dé lọ́wọ́ òfo, torí pé kò dúró gbọ́ ohun tí wọ́n ní kó rà. Nígbà tó wọ ilé-ìwé girama, kóòṣì wọn, obìnrin gíga kan tí fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, mú un wọ ẹgbẹ́ eléré ìje. Kò pẹ́ tí Ìjì fi di ẹni tí kò sẹ́ni tó ń rí ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ nínú eré irinwó mítà.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe alágbàfọ̀ ní Bàbá Ìjì. Ká má parọ́, orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Ẹni tó ti ń tọ́jú aṣọ ìyẹsí fáwọn tó ń lọ síbi ọlá láti ọjọ́ pípẹ́, tí òun fúnra rẹ̀ kì í rí ibẹ̀ lọ, wá di ẹni tí wọ́n ń dá dúró lójú ọ̀nà láti bọ̀ lọ́wọ́.

Ọdún tí Ìjì máa jáde nílé-ìwé ni kóòṣì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní yunifásítì kan tó ń fún eléré ìje ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ máa rán èèyàn wá sí ìdíje tí wọ́n fẹ́ ṣe.

“Bó bá sá a bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, wọ́n á mú un,” ni ó wí. “Àmọ́ ẹ gbọ́ o, sà. Ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Ó gbọ́dọ̀ yege nínú ìṣirò.”

Alágbàfọ̀ fi etí méjèèjì gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì, etí kan ló fi gbọ́ ọ.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Ìjì àti ìṣirò kì í ṣọ̀rẹ́. Bó bá rí i lórí pátákó, ṣe ló máa ń wò ó bí ẹni tó pàdé ọlọ́pàá tí kò ní ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ló lọ bẹ tíṣà ìṣirò pé kó gbà á sí kíláàsì tó ń ṣe nírọ̀lẹ́. Kíláàsì náà sì bọ́ sí àkókò tí wọ́n ń sáré ní pápá. Kóòṣì ní kò burú, kí Ìjì máa yọ ọjọ́ kíláàsì sílẹ̀.

“Ẹni tó lé eku méjì á pòfo o,” ni alágbàfọ̀ wí.

“Ẹyẹ ò sì lè fi apá kan fò,” ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Kò kúkú parí. Lọ́jọ́ kan, níbi ìdíje kékeré kan láàárín ilé-ìwé bíi mélòó kan, ọmọbìnrin kan tó ń lo awò ojú já Ìjì sílẹ̀. Díẹ̀ báyìí ló fi já a sílẹ̀, àmọ́ ṣe ló dun alágbàfọ̀ bí ìgbà tí áyọ́ọ̀nù jó aṣọ oníbàárà. Nígbà tí ọjọ́ kíláàsì tún pé, ó pe ọmọ rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

“Pápá ni kó o lọ lónìí.”

“Dádì, kíláàsì ńkọ́?”

“Mo ní pápá ni kó o lọ.”

Ìjì gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń po tíì, ó béèrè bí kíláàsì ṣe rí. Ìjì wo bàbá rẹ̀. Bàbá wo búrẹ́dì.

“Ó lọ,” ni alágbàfọ̀ dáhùn. “Ó ń yé e díẹ̀díẹ̀.”

Irọ́ náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni pé ó ti ń dúró lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́. Ìjì tẹjú mọ́ kọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń mu tíì lọ. Alágbàfọ̀ sì rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọ gidi lòun bí, ó mọ bí wọ́n ṣe ń bo bàbá ẹni láṣìírí. Ìrònú yìí gan-an ló padà wá ń gún un bí ẹ̀gún, pé òun kọ́ ọmọ òun ní irọ́ nídìí oúnjẹ àárọ̀, òun sì tún yìn ín lọ́kàn òun fún un.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Ìyá á béèrè, bàbá á dáhùn, ọmọ á máa wo kọ́ọ̀bù.

Nígbà tó yá, tíṣà ìṣirò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà. Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì kan dání kó lè rí nǹkan gbé lé tábìlì.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà.”

“Ẹ ṣeun, tíṣà. Ṣẹ́ẹ̀tì yìí nìkan ni?”

“Òun nìkan ni. Ọ̀rọ̀ ọmọ wa ló gbé mi wá, sà. Mi ò rí i ní kíláàsì mọ́.”

“Ẹ má bínú, tíṣà. Ìdíje ló kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yìí ná. Ìṣirò ò ní sá lọ.”

Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́. “Lóòótọ́ ni, kò ní sá lọ. Ìdánwò ló ń bọ̀ ní tiẹ̀.” Ó ti ṣẹ́ẹ̀tì náà sọ́dọ̀ alágbàfọ̀. “Ká ní kò yé e rárá ni, sà, mi ò ní wá. Ó ti ń yé e bọ̀ ni. Ìyẹn ló dùn mí.”

Alágbàfọ̀ fọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó lọ̀ ọ́ dáadáa, kò sì gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ó rò pé ìyẹn ti tó. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé, kò sọ fún un pé ẹnikẹ́ni wá.

Ọjọ́ ìdíje pé. Ìjì sáré lọ́jọ́ náà bí orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa ya kọ́nà tó kẹ́yìn, ọmọ awò ojú ló ṣìkejì, àlàfo tó sì wà láàárín wọn, ọkọ̀ akẹ́rù á gbà á kọjá. Ọkùnrin tó wá láti yunifásítì bọ alágbàfọ̀ lọ́wọ́. “Ẹ kú ọmọ o, sà. Tí èsì ìdánwò bá ti jáde, ẹ ó gbọ́ wa.” Alágbàfọ̀ sunkún ní gbangba, kò sì tijú. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí aṣọ tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Èsì ìdánwò jáde. Ìjì yege nínú gbogbo rẹ̀ àfi ìṣirò. Kóòṣì gbìyànjú títí, ó bẹ àwọn yunifásítì náà, wọ́n ní òfin ni. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù pé wọ́n ti gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà fún ẹni tó ṣìkejì. Ìjì ní òun ti gbọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá gbé omi fún un mu. Ọmọ náà kò wo ojú bàbá rẹ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan.

Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Ti alágbàfọ̀ yìí ò tilẹ̀ rìn jìnnà. Nígbà tí kóòṣì lọ, ọ̀rọ̀ náà kò yé ìyàwó alágbàfọ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tọ́mọ fi kọ́ ìṣirò, kí ló dé tí kò wọ̀ ọ́ lórí? Ó ní òun á lọ bi tíṣà léèrè. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé ìgbà yìí ló yẹ kí òun sọ ọ́. Ó padà sídìí aṣọ tó ń lọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù nínú aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ń gba kóòtù rẹ̀ lọ́wọ́. Ó dúró títí bàbá náà fi jáde.

“Mo ti dé ọ̀dọ̀ tíṣà.”

Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

“Mo ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ẹ fi kọ́ ọ, kí ni a ò ṣe tó? Ó kàn ń wò mí. Ó ní, ‘Màámi, ṣé bàbá ò sọ fún yín ni?’” Ó gbé ọwọ́ lé tábìlì. “Bàbá ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ ní ó ń lọ.”

“Èmi ni.”

“Gbogbo ìgbà tí mo bá bi yín.”

“Gbogbo ìgbà.”

“Níṣojú ọmọ.”



Ì bá sàn kó pariwo. Kò pariwo. Ó ní òun ò fẹ́ pẹ́ dé wọ́ọ̀dù, ó sì jáde. Láti ọjọ́ náà, ó ń kí i láàárọ̀, ó ń gbé oúnjẹ fún un, bó bá béèrè ọ̀rọ̀, á dá a lóhùn. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni kò gbé sọ̀kalẹ̀ wá mọ́. Ó lọ ra áyọ́ọ̀nù kékeré kan, orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń lọ aṣọ náà fúnra rẹ̀. Bó bá ń jáde lọ, alágbàfọ̀ á rí ìlà tó wọ́ lẹ́yìn aṣọ náà, á sì dorí kodò. Ìyàwó alágbàfọ̀ ló ń wọ aṣọ tó wọ́ kiri ìlú, kò sì sí ẹni tí ọkọ rẹ̀ lè fẹjọ́ sùn.

Alágbàfọ̀ lọ bá tíṣà nílé. Ó ti to ọ̀rọ̀ ìdọ̀bálẹ̀ lẹ́nu dáadáa, àmọ́ nígbà tó dé ibẹ̀, ohun tó rí sọ kò ju “Tíṣà, mo jẹ̀bi” lọ. Tíṣà fún un ní àga. Ó ní kí Ìjì máa bọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí àwọn tó wà ní kíláàsì lọ́dún yẹn kéré sí tirẹ̀ gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Orúnkún Ìjì kò wọ abẹ́ tábìlì, àwọn ọmọ kéékèèké á máa wẹ̀yìn wò ó, ẹni tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún ní pápá.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣú, alágbàfọ̀ mú agboòrùn, ó lọ pàdé rẹ̀. Wọ́n jọ ń bọ̀ lábẹ́ agboòrùn kan.

“Dádì,” ni Ìjì wí, “nígbà tẹ́ ẹ ní kí n má lọ kíláàsì mọ́, inú mi dùn.”

Bàbá rẹ̀ fa agboòrùn sọ́dọ̀ rẹ̀ sí i.

“Ojú ń tì mí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n lọ. Mo lè sọ fún Mọ́mì, mi ò sọ. Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ẹ̀ ru ara yín.”

Ọmọ náà fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí mú kí ẹrù bàbá rẹ̀ fúyẹ́ ni. Ńṣe ló tún wúwo sí i. Bàbá rò ó bí wọ́n ṣe ń lọ pé ọmọ tó bá ń sá fún ohun tó le, ṣebí bàbá rẹ̀ ló yẹ kó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ní, “Ọmọ ni ẹ́. Èmi ni àgbà.”

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ìjì yege. Kò yọrí ọlá, ó kàn yege ni. Yunifásítì tí kóòṣì sọ nígbà yẹn ti ní eléré tiwọn. Ẹsẹ̀ Ìjì náà kò sì yá bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní ìlú mìíràn ló gbà á, láìsí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kankan. Ìyá rẹ̀ gba iṣẹ́ kún iṣẹ́. Alágbàfọ̀ lọ gba aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì kan, èyí tó ti máa ń sọ tẹ́lẹ̀ pé òun kò ní fọ̀ láé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó máa lọ, wọ́n jókòó nídìí tábìlì. Alágbàfọ̀ ti ń wá ọ̀nà láti sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá, níwájú àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

“Mo parọ́ fún ìyá ẹ, mo sì fi ẹ́ ṣe ẹlẹ́rìí irọ́ náà,” ni ó wí. “Torí pé mo fẹ́ kí wọ́n máa kí mi lójú ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.”

Ìjì dìde kúrò lórí àga, ó kúnlẹ̀. “Dádì, ẹ dákun, ẹ má bẹ̀ mí.”

Ìyàwó rẹ̀ fi bọ́tà pa búrẹ́dì. Ó gbé e fún ọkọ rẹ̀. “Ó ti gbọ́,” ni ó wí. “Èmi náà ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kó jẹun, ọkọ̀ ò ní dúró dè é.”

Bí wọ́n ṣe parí rẹ̀ nìyẹn, bí ó bá parí. Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan tó ń ta bàtà ní òdìkejì títì wá gba aṣọ. Ó ní wọ́n sọ pé ọmọ òun mọ bọ́ọ̀lù gbá, àwọn tíṣà sì ń pariwo ìwé. Ó ní Bàbá Ìjì ti rin ọ̀nà yìí rí, èwo ni kí òun mú?

Ooru gba alágbàfọ̀ lára, kì í sì í ṣe ti áyọ́ọ̀nù. Ó ká aṣọ obìnrin náà, ó tún un ká.

“Bi ọmọ náà léèrè,” ló rí sọ. “Bó bá dá ẹ lóhùn, lọ bi tíṣà ẹ̀ pẹ̀lú. Ohunkóhun tí wọ́n bá sì sọ, délé kó o sọ ọ́ fún bàbá ẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.”

Obìnrin náà ń retí kó fi nǹkan kan kún un. Alágbàfọ̀ na aṣọ rẹ̀ sí i. Ó sì fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì mìíràn sórí tábìlì.