Ẹ̀gbọ́n Láńre Ní Kí Màmá Wá Búra

Ẹ wá gbọ́ ìwà òpònú tí ẹ̀gbọ́n mi, Láńre, hù ní ọsibítù lónìí!

Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára àbúrò wa, Ṣadé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹ̀gbọ́n ní òun á fún un lẹ́jẹ̀. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, ó ní: "Gúrúùpù yín bára mu, àmọ́ nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiyín tí ara Ṣadé máa bá jà. Ó lè pa á."

Ẹ̀gbọ́n fara ya: "Ṣé bàbá wa kọ́ ló bí mi ni?"

Ló bá gba Ọ̀yìngbò lọ, ó lọ mú Màmá wá kó wá búra pé bàbá wa ló bí òun! Bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìyá àti bàbá kan náà lè yàtọ̀ síra.

Kí wọ́n tó dé, mẹkáníìkì kan láti Muṣin ti wá fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, dókítà sì ti yẹ ẹ̀ wò. Kò ní nǹkan ọ̀hún, wọ́n sì ti ń fà á sí Ṣadé lára.

Màmá pòṣé: "Ọmọ mi ń kú lọ, ìwọ ń wá bàbá!"

Ṣadé ti lajú. Ẹ̀yin ará, kí lẹ máa ń pe irú èèyàn báyìí ládùúgbò tiyín?