Ẹnu Mi Kan, Ìwé Ìròyìn Méjì

Kí másìtì, òpó nẹ́tíwọ̀kì fóònù, tó dé ẹ̀yìn ilé wa ní Mowe, orí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ kan létí márosẹ̀ la ti máa ń pe èèyàn lórí fóònù. Àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe ló da iyẹ̀pẹ̀ náà síbẹ̀, wọn ò padà wá kó o mọ́. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi fi kó dé láti Agége, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì wà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti jáde, a ó gun orí rẹ̀ tàwa ti gèlè lórí, a ó bọ́ bàtà sọ́wọ́, kálukú á máa pariwo sínú fóònù tirẹ̀. Kò sí àṣírí lórí òkìtì yẹn. Mo mọ ẹni tíṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, mo mọ ẹni tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ wá bá gbé, àwọn náà sì mọ tèmi.

Màámi ń gbé ní Ìwó pẹ̀lú àbúrò mi obìnrin. Lọ́dún kan, àbúrò mi bímọ, wọ́n pè mí títí, wọn ò rí mi. Ìgbà tí mo fi máa gun òkìtì láti kí wọn, wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ tán. Màámi ò bínú. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "A rò pé a ṣẹ̀ ọ́ ni." Ẹkún ni mo sun délé lọ́jọ́ náà.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá kan ra ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa, tí wọ́n ri òpó irin gíga mọ́ ọn. Láàárọ̀ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà tí mo fi pe Màámi. Wọ́n ní ohùn mi já geere bí ẹni pé yàrá kejì ni mo wà. A sọ̀rọ̀ títí omi tí mo gbé kaná fi gbẹ.

Àmọ́ iná ìjọba ò ṣeé gbára lé ní Mowe. Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé másìtì náà ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn fèrèsé wa gan-an ni wọ́n sì gbé e sí. Kì í dákẹ́ tọ̀sán tòru. Èéfín rẹ̀ ń bà lé aṣọ tí a bá sá. Ọmọ mi kékeré, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ ìrìn nígbà náà, kò rí oorun ọ̀sán sùn mọ́. Ògiri Ìyá onílé wa sì là láti ìsàlẹ̀ dé ojú fèrèsé. Opó ni Ìyá onílé, ọmọ ilẹ̀ ni wọ́n, ilé yẹn nìkan sì ni ọkọ wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n lọ fẹjọ́ sun àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ másìtì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní kí Ìyá lọ sọ ọ́ ní ọ́fíìsì l'Ékòó. Ta ló mọ ọ́fíìsì l'Ékòó?

Bọ̀dá mi, àkọ́bí Màámi, jẹ́ akọ̀ròyìn. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan l'Ékòó ló ń ṣe, ojú ewé fóònù àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé nẹ́tíwọ̀kì ti dé ọ̀dọ̀ wa, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Ó wá lọ́jọ́ Sátidé kan, òun àti ayàwòrán kan. Mò ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́. Ó fa àpótí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Sọ ọ́ bó ṣe rí," ó wí. "Má wo tèmi mọ́ ọn."

Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo kọ́kọ́ sọ ti òkìtì, mo sọ ti ìsọmọlórúkọ tí mi ò gbọ́, mo sọ bí mo ṣe bá Màámi sọ̀rọ̀ láìdìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà mo sọ ti jẹnẹrétọ̀, ti èéfín, ti ọmọ tí kò sùn. Ó kọ gbogbo rẹ̀, mo rí i. Ó tún lọ wo ògiri Ìyá onílé, ó fi ìka tọ ojú ibi tó là. Ayàwòrán ní kí n dúró síwájú másìtì kí n gbé fóònù sétí. Oòrùn ń ta mí lójú, mo bá fún ojú pọ̀. Nínú ìwé ìròyìn, ẹ̀rín ló jọ.

Ibafo ni mo ti ń kọ́ni nígbà náà, ní ilé ìwé aládàáni kan. Ọ̀gá wa obìnrin ló mú ìwé ìròyìn náà wá fún mi. Àkọlé rẹ̀ ni pé ayọ̀ ti wọ Mowe. Èmi rèé nínú àwòrán, tí mò ń fẹyín. Òkìtì wà níbẹ̀, Màámi wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀. Mo kà á dópin, n kò rí jẹnẹrétọ̀, n kò rí ògiri. Nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, ìpolówó ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù náà gba ìdajì ojú ewé. Mo tún un kà, mo ń wá irọ́ inú rẹ̀. Kò sí irọ́ kankan. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni mo sọ.

Nígbà tí mo dé ilé, Ìyá onílé jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Wọ́n ti kà á fún mi, Tíṣà," wọ́n ní. "Ẹ kú iṣẹ́. A ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń gbẹnu sọ fún wọn."

Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé nílé wọn, "ìwọ" ni wọ́n ń pè mí, bí ọmọ. Èyí tí wọ́n wá pè mí ní "ẹ̀yin" yìí dùn mí ju èébú lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wọkọ̀ lọ sí Bẹ́jà, mo wọ òmíràn lọ sí Akute, níbi tí bọ̀dá mi háyà ilé sí. Mi ò tíì jókòó dáadáa tí mo fi béèrè.

"Bọ̀dá mi, jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?"

"Mo kọ ọ́. Wọ́n gé e kúrò ni."

"Kí ló dé?"

"Ìpolówó wọlé nírọ̀lẹ́. Ojú ewé ò gba ọ̀rọ̀ mi mọ́, olóòtú ní kí wọ́n gé e sí ìdajì."

"Kí ló wá dé tó jẹ́ ìdajì tó dáa lẹ fi sílẹ̀?"

"Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gé ọ̀rọ̀," ó wí. "Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ ti ayọ̀. Bí o ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe tò ó."

Fìlà kan wà lára ìṣó lẹ́yìn rẹ̀, àmì ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù náà wà níwájú rẹ̀ gàdàgbà. Ó rí ibi tí mò ń wò.

"Gbogbo akọ̀ròyìn tó bá lọ síbi ìpàdé wọn ni wọ́n ń fún," ó wí. "Ṣé fìlà ni wọ́n á fi ra èmi?"

Ó dìde, ó kó ìwé ìròyìn àtijọ́ jáde lábẹ́ àga, ó ní kí n kà wọ́n. Nínú ọ̀kan, ó bu ẹnu àtẹ́ lu ilé-iṣẹ́ náà nítorí ìpè tó máa ń já láàárín ọ̀rọ̀. Nínú òmíràn, ó bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń gba owó ìpè tí kò wọlé. Ọ̀rọ̀ náà le. Ẹni tí wọ́n ti rà kò lè kọ irú rẹ̀, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi. Àmọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ojú mi ń padà sára ìṣó. Nínú mọ́tò tí mo wọ̀ padà, mo gba bọ̀dá mi gbọ́ títí dé Ìṣerí. Nígbà tí a fi máa dé Ibafo, n kò gbà á gbọ́ mọ́. Bí mo ṣe ń sọ̀ ní Mowe, mo tún gbà á gbọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Ìyá onílé mú akọ̀ròyìn mìíràn wá, obìnrin kan tí ọjọ́ orí wa ò jìnnà síra. Ìwé ìròyìn tirẹ̀ ni gbogbo èèyàn mọ̀ pé kò sí ohun tí ilé-iṣẹ́ náà lè ṣe tó máa dára lójú wọn. Ọkọ mi ní kí n má dá sí i. Mo ní rárá, mo ti mọ ọgbọ́n rẹ̀ báyìí. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń gé ọ̀rọ̀, jẹnẹrétọ̀ ni mo máa kọ́kọ́ sọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ariwo àti èéfín, mo fi ti Màámi kádìí rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ọmọ mi ń fa aṣọ mi, ikun ń ṣàn nímú rẹ̀. Obìnrin náà béèrè pé ìgbà wo ló ti ń ṣe é. Mo ní ọ̀fìnkìn ni, gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń ṣe. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tó jáde lọ́sẹ̀ yẹn ni pé másìtì ń fìyà jẹ ọmọdé ní Mowe. Ó kọ ọ́ pé ọmọ olùkọ́ kan kì í sùn, pé imú rẹ̀ ń ṣomi. Kò sọ pé jẹnẹrétọ̀ ló fà á. Ó kàn to àwọn méjèèjì tẹ̀ léra wọn. Màámi ò sí níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni òkìtì. Mo tún wá irọ́, n kò rí i.

Bọ̀dá mi pè mí lọ́jọ́ náà gan-an. "Olóòtú mi gbé ìwé wọn sórí tábìlì mi," ó wí. "Ó ní ṣebí àbúrò mi kan náà nìyí. Ó bi mí pé èwo nínú wa ló ń purọ́."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní kò sí ẹni tó purọ́. Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kó láyà sókè jù ni Màámi. Ní Ìwó, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n máa ń gbọ́ ètò kan lórí rédíò níbi tí wọ́n ti ń túmọ̀ ohun tó wà nínú ìwé ìròyìn sí Yorùbá. Wọ́n gbọ́ ti àkọ́kọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọn ò pè mí. Wọ́n wọ mọ́tò ni. Mo dé láti ilé ìwé lọ́sàn-án, mo bá wọn ní àgbàlá tàwọn ti ìgò àdí lọ́wọ́, wọ́n gbé ọmọ mi sẹ́sẹ̀, wọ́n ń fi àdí pa á láyà. Ọmọ náà fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ lé adìyẹ. Ọ̀fìnkìn ti lọ.

"Màámi, kò ṣe é ní nǹkan kan," mo wí.

"Rédíò kọ́kọ́ ní ẹ̀ ń yọ̀," wọ́n ní. "Rédíò náà ló tún ní ẹ̀ ń jìyà. Èwo ni kí n dì mú?"

"Méjèèjì ni, mà."

"Ó dáa. Kí ló dé tí wọn ò kà á fún mi pọ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìpolówó, olóòtú, àti bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní kí n lọ gbé oúnjẹ fún ọmọ. Wọ́n bá wa gbé títí oṣù yẹn fi parí. Jẹnẹrétọ̀ ò dí oorun wọn lọ́wọ́ rárá, ìyẹn náà yà mí lẹ́nu.

Kí wọ́n tó padà sí Ìwó, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà dé. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí ìhà kejì ilẹ̀ wọn, wọ́n fi àpótí irin tí kì í jẹ́ kí ariwo jáde bò ó, wọ́n sì rẹ́ ògiri Ìyá onílé. Ìwé ìròyìn bọ̀dá mi kọ ọ́ pé ilé-iṣẹ́ tó mọyì aládùúgbò rẹ̀ ni. Ìwé ìròyìn kejì kọ ọ́ pé ìròyìn tiwọn ló lé wọn débẹ̀. Bọ̀dá mi sọ fún mi ní ìkọ̀kọ̀ pé òun ti ń bá ọ̀gá kan níbẹ̀ sọ ọ́ láti ọjọ́ tí òun ti fọwọ́ kan ògiri yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ní tiẹ̀ sọ fún ọkọ mi pé kò sí ẹni tó ka ìwé ìròyìn kankan, pé gbogbo másìtì tó wà nítòsí ilé ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ìyá onílé gbé ìyìn fún obìnrin akọ̀ròyìn náà, wọ́n sì padà sí pípè mí ní "ìwọ". Èmi ò mọ ẹni tí mo lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù yẹn kó báàgì àti ìwé wá fún àwọn ọmọ ilé ìwé wa ní Ibafo. Obìnrin kan tó wọ kóòtù ló ṣáájú wọn, òun ló ń gbẹnu sọ fún wọn. Mo ń wò ó títí ó fi rẹ́rìn-ín sí mi. Obìnrin akọ̀ròyìn ìjọ́sí ni.

Nígbà tí àwọn ọmọ ń gba báàgì, mo súnmọ́ ọn. "Àǹtí, ṣé ohun tí ẹ kọ nípa wọn nígbà yẹn, ẹ gbà á gbọ́?"

"Mo gbà á gbọ́ dáadáa," ó wí.

"Èyí tí ẹ sọ fáwọn ọmọ láàárọ̀ yìí ńkọ́?"

"Mo gba èyí náà gbọ́." Kò bínú, ojú rẹ̀ ò sì yẹ̀. Ó béèrè ọmọ mi lọ́wọ́ mi, mo ní ó ti wà ní kíláàsì kejì. Inú rẹ̀ dùn, mo rí i pé inú rẹ̀ dùn lóòótọ́.

Mo pe bọ̀dá mi nírọ̀lẹ́, mo ròyìn rẹ̀ fún un. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín, tàbí kó ní ṣé mo ti wá rí ẹni tí wọ́n rà báyìí. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni pé, "Akọ̀ròyìn tó mọṣẹ́ ni o," ó sì béèrè bí ara Màámi ṣe le sí.